Kọ̀ǹpútà Tó Kọ̀ Tí Kò Sùn

Láti ìgbà tí Tíṣà ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun sórí tábìlì ni kọ̀ǹpútà inú yàrá ọkọ rẹ̀ ti kọ oorun. Bí ó bá sọ fún un pé kó sùn, ojú rẹ̀ yóò ṣú, ọkàn Tíṣà yóò sì balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ojú kọ̀ǹpútà náà á tún là kedere, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ rò pé ó ti sùn lọ, tó jẹ́ pé ó kàn dijú ni. Tíṣà á padà, á jókòó, á tún un ṣe. Ohun kan náà ni.

Ẹlòmíràn ì bá ti pa á kó bá tirẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé Tíṣà kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa kọ̀ǹpútà. Ó ti ṣe olùkọ́ títí irun rẹ̀ fi funfun, ó sì ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án àti bí wọ́n ṣe ń pa á. Ṣùgbọ́n eléyìí kò gbọdọ̀ kú. Ohun tó wà lójú rẹ̀ kò ṣeé tọ́jú síbì kankan. Bí a bá pa á, ó ti pa rẹ́ nìyẹn.

Dírààfù ni.

Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ kó lè yé wa. Ọkọ Tíṣà, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Apòògùn, ilé ìwòsàn ló ti ṣiṣẹ́, lẹ́yìn fèrèsé kékeré tí wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn lóògùn. Iṣẹ́ òru ni. Nígbà tó bá ń wọlé láàárọ̀, Tíṣà á ti máa wá bàtà tí yóò wọ̀ lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí Tíṣà bá dé, òun á ti máa bọ́jú láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Apòògùn fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé "ẹ káàbọ̀" àti "ó dàbọ̀" ni àwọn fi ṣe ìgbéyàwó, pé ìyókù, ọmọ tí àwọn bí ló lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n bá rí ara wọn, dírààfù ni wọ́n ń ta, ìjà ni wọ́n sì fi ń parí rẹ̀. Bí Tíṣà bá ń ronú ibi tí yóò ta sí, Apòògùn á máa kùn orin ìsìn sábẹ́ imú. Bí Apòògùn bá ń ronú, Tíṣà á bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé-ìwé fún un, láti orí ọ̀gá àgbà dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀. Níkẹyìn ni Apòògùn rí eré dírààfù kan lórí kọ̀ǹpútà, eré àtijọ́ kan báyìí tí ẹni méjì lè jọ ta, ṣùgbọ́n tí ẹni tó ṣe é kò ṣe àyè tí a lè tọ́jú rẹ̀ sí. Ó ní kí àwọn máa ta á níbẹ̀, ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan nírọ̀lẹ́. Òun á ta tòun bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó lọ sùn. Tíṣà á ta tirẹ̀ bó bá ti ilé-ìwé dé. Ẹni tó bá ta tán á sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó sun àsùnwọra.

Oorun àsùnwọra yìí kì í ṣe oorun lásán. Nínú oorun lásán, iná díẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ máa wọ inú ẹ̀rọ náà, bátìrì tiwọn sì ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, òkú ni. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sun àsùnwọra, kọ̀ǹpútà á kọ gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ikùn ara rẹ̀, á wá pa ara rẹ̀ pátápátá. Bí iná lọ, bí iná dé, kò kàn án. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá jí i, ibi tó ti dúró gan-an ni yóò ti tẹ̀síwájú.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún gbọgbọrọ. Tíṣà á mọ bí ọkọ òun ṣe lo òru mọ́jú láti ara ohun tó bá ta. Bí aláìsàn kan bá kú mọ́ wọn lọ́wọ́, ọmọ ẹ̀yìn ni Apòògùn máa ń sún, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ ìjọ̀ngbọ̀n kankan láyé. Bí òru bá lọ dáadáa, á ki orí bọ àárín pátákó bí akọ màlúù. Tíṣà náà sì ń fèsì. Ọjọ́ tí inú bá bí i sí i, kò ní bá a jà. Á jẹ ọmọ rẹ̀ kan, á wá lọ se oúnjẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Apòògùn ti ibi iṣẹ́ dé, ó ta tirẹ̀, ó fún kọ̀ǹpútà lóorun, òun náà lọ sùn. Kò jí.

Oṣù gorí oṣù. Tíṣà fẹ̀yìn tì. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, ó ń jí kọ̀ǹpútà, ó ń wo pátákó náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń tẹ́ ẹ sóorun padà. Òun ló kàn láti ta. Kò ta.

Ọmọ wọn obìnrin, tó ń gbé lọ́nà jíjìn, ló fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ránṣẹ́, kí ìyá òun lè máa tẹ àwòrán ọmọ-ọmọ rẹ̀ sórí bébà dípò kó máa wò ó lórí fóònù títí ojú á fi máa ro ó. Tíṣà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Ètò tó bá ẹ̀rọ náà wá ń bi í ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé kí n máa bá ọ ṣọ́ yíǹkì? Ṣé kí n máa bá ọ wá èyí tó bá jẹ́ tuntun? Ṣé kí n máa jí nígbà tí kọ̀ǹpútà bá jí? Ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì ni Tíṣà lọ. Níbẹ̀, ọmọ tí wọ́n bá bi léèrè, "bẹ́ẹ̀ ni, mà" ló mọ̀, ìbéèrè tó bá kù ó dìgbà tó bá dàgbà. Ó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà kò ti sùn, Tíṣà fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ là tọ̀sán tòru. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde mọ́. Bí gílóòbù bá ṣẹ́jú lásán, àyà rẹ̀ á já. Nígbà tó wá ku ọ̀la kó di ọjọ́ ìsinmi ló gbọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ iná ń fi gbohùngbohùn kéde kiri òpópónà pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ òpó àti wáyà àdúgbò. Iná á lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kò sì ní dé títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tíṣà dúró láàárín yàrá. Lẹ́yìn èyí ló pe Eyínfúnjowó.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni Eyínfúnjowó, tó ń tún ẹ̀rọ àwọn ọ́fíìsì ṣe. Tíṣà ló fún un lórúkọ náà nígbà tó wọlé ọkọ. Ọmọdé tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká ni nígbà yẹn, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín. Eyín ti hù láti ìgbà náà, orúkọ kò kúrò. Kò tíì tẹsẹ̀ bọ ilé yìí láti ọjọ́ ìsìnkú, Tíṣà kò sì bínú sí i, nítorí ohùn rẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní ìyàtọ̀. Nígbà tó sọ pé "Hẹ́lò" lórí fóònù, Tíṣà kọ́kọ́ fìdí lé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kó tó lè dáhùn.

Kò pẹ́ tó fi dé, àpò irinṣẹ́ léjìká.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọkọ mi, ẹ tún ọjọ́ yẹn kà. Ó ju mẹ́ta lọ."

"Iṣẹ́ ni, ìyàwó."

"Iṣẹ́ tí kì í gba iwájú ilé mi."

Eyínfúnjowó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wo ilẹ̀ nígbà tó ń rẹ́rìn-ín ọ̀hún. Ó wọ yàrá. Ó rí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú tábìlì, ó lọ gbé àpótí ìjókòó wá láti ilé ìdáná.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Kò sùn."

"Èmi náà kì í sùn mọ́. Ẹ jẹ́ n wò ó."

Ó sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó sun àsùnwọra. Ojú ẹ̀rọ náà ṣú, ojú ẹ̀rọ náà là.

"Oníjìbìtì," Eyínfúnjowó wí. "Kékeré nìyí. Ẹ jẹ́ ká pa á, ká tún un tàn. Tó bá jẹ́ pé mo mọ̀ pé bí gbogbo ẹjọ́ ẹ̀rọ ṣe máa ń parí nìyẹn, ǹ bá má ti lọ kọ́ṣẹ́ rárá."

Ìka rẹ̀ ti ń lọ síbi bọ́tìnnì. Tíṣà fi àtẹ́lẹwọ́ bo bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀.

"Ẹ má pa á."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà má pa á."

"Ìyàwó, aláìsàn tó ní kí dókítà má fọwọ́ kan òun, ibo ló fẹ́ kó gbà fún òun lóògùn?"

"Kó gba ibòmíràn."

Eyínfúnjowó yí ojú sí i. Ó ti mọ obìnrin yìí láti kékeré. Òun ló kọ́ ọ ní ìsọdipúpọ̀, òun ló sì máa ń bò ó láṣìírí tó bá fọ́ nǹkan. Kò rí i rí kó fi ọwọ́ bo nǹkan báyìí.

"Ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ẹ ò fẹ́ kí n rí? Bí ó bá jẹ́ fọ́tò olólùfẹ́ ni, mi ò ní sọ."

"Ẹnu yín ò ní sinmi láé."

Ó kù díẹ̀ kí Tíṣà purọ́. Ó tilẹ̀ ti wá irọ́ náà, irọ́ kan nípa àkọsílẹ̀ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ akọrin. Ṣùgbọ́n ìró irin dún láti ìta, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ iná ti ń gbé àkàbà ti òpó, ó sì rí i pé kò sí àkókò mọ́. Ó fa ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà lọ sísàlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, pátákó dírààfù sì gun òkè wá, ó gba gbogbo ojú ẹ̀rọ náà.

Eyínfúnjowó wò ó.

"Ta ló ni pupa?"

"Ẹ̀gbọ́n yín."

"Ẹ̀yin lẹ ni funfun."

"Èmi ni."

"Ta ló kàn?"

"Èmi ló kàn."

Ó fẹ́ béèrè pé láti ìgbà wo, ó sì ti la ẹnu kó tó yé e. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi lé orókún. 

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni òun náà ti kọ́ dírààfù, nítorí náà kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí pátákó, tó dúró, tó tún padà.

"Ó fi ọmọ kan lélẹ̀ fún yín," ó wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Mo rí i."

"Ẹ ò sì lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọmọ tó bá ṣeé jẹ, ọ̀ranyàn ni ká jẹ ẹ́. Òfin ni."

"Mo mọ òfin, ọkọ mi."

"Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ ẹ́ pẹ́nrẹ́n..."

"Yóò jẹ mẹ́ta, yóò sì jọba. Mo mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e kúrò níbí ni mo ti rí i."

Eyínfúnjowó mi orí. "Ìkà ni bọ̀dá mi. Bó ṣe máa ń ṣe mí náà nìyẹn. Á gbé ẹran síwájú pańpẹ́, á wá máa wo òrùlé bí ẹni pé kò mọ nǹkan kan."

"Á sì máa kùn orin."

"Àbí ẹ ò rí nǹkan! Orin ìsìn pàápàá."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. Eyínfúnjowó yọ fóònù rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n ya àwòrán rẹ̀. Bó bá parun, a ó tò ó padà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Kò ní yàtọ̀."

"Bí ẹ bá tò ó, ẹ̀yin lẹ tò ó," Tíṣà wí. "Eléyìí, ọwọ́ rẹ̀ ló sún un."

Kò bá a jiyàn. Ó dá fóònù padà sápò, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì sún àpótí ìjókòó mọ́ tábìlì.

"Ó dáa. A ó bi í léèrè."

"Ta lẹ fẹ́ bi?"

"Kọ̀ǹpútà. Bí èèyàn bá mọ bí wọ́n ṣe ń bi í, á dárúkọ ẹni tí kò jẹ́ kóun sùn. Kì í ṣe bí ọmọ èèyàn tó máa ń ní kò sí nǹkan kan."

Ó ṣí fèrèsé dúdú kan sójú ẹ̀rọ náà, tí kò ní àwòrán kankan, ó tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà dá a lóhùn ní ìlà kan péré. Orúkọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló wà níbẹ̀.

"Òun nìyí. Pírińtà yín ni. Ó ní òun ṣì ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì sùn."

"Iṣẹ́ wo? Mi ò tẹ nǹkan kan."

"Ẹ tẹ nǹkan. Ẹ wò ó." Ó ṣí ibi tí iṣẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń tò dúró de ara wọn. Àwòrán ọmọ-ọmọ Tíṣà ló kún ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ìyàwó, ọmọ kan ṣoṣo yìí, ṣé ẹ fẹ́ fi lẹ ara ògiri ni?"

Tíṣà rántí. Ó ti pàṣẹ kí ó tẹ àwòrán náà nígbà tí kò tíì tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó tún pàṣẹ, ó tún pàṣẹ, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe fún ọmọ kíláàsì tí kò bá tètè gbọ́.

Wọ́n gbìyànjú láti pa àwọn iṣẹ́ náà rẹ́. Ẹ̀rọ náà ní òun ń pa wọ́n rẹ́, kò sì pa wọ́n rẹ́. Nígbà tó yá, Eyínfúnjowó ní ó sàn kí àwọn jẹ́ kó ṣe é tán. Wọ́n tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wọ́n fún un ní bébà, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú ẹ̀rín aláìléyín kan náà, títí yíǹkì fi ń tán lọ tí ọmọ fi ń ṣá. Èyí tó jáde kẹ́yìn dà bí kùrukùru tó ní ojú.

"Ó yá," Eyínfúnjowó wí. "Ó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán. Kó sùn."

Ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Ojú kọ̀ǹpútà là.

Ó tún bi í nínú fèrèsé dúdú. Ìdáhùn kan náà ni, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, aṣọ́yíǹkì ni, èyí tí Tíṣà dáhùn bẹ́ẹ̀ ni fún. Yíǹkì ti tán, ó sì ń wá ẹni tí yóò sọ fún. Eyínfúnjowó ní òun á yọ gbogbo ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà kúrò pátápátá. Ó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì dá a dúró pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan. Ó kà á, ó pòṣé.

"Ó ní òun á lọ. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ pa kọ̀ǹpútà ká tún un tàn kóun tó lè kó ẹrù òun."

"Kó má lọ."

"Àlejò tó ní ká wó ilé kóun lè ríbi jáde." Ó dá a padà. "Ó dáa, kó jókòó. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀."

Ó wọ ibi tí àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ ti ń tò, ó wá aṣọ́yíǹkì kàn, ó dá a dúró. Ìgbà tó máa fi mí èémí kan, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó tún dá a dúró. Ó tún padà. Láti ìta, ẹnìkan kígbe sí ẹlòmíràn pé kó di okùn mú dáadáa. Tíṣà dúró lẹ́yìn àna rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí àga ọkọ rẹ̀.

"Ẹnìkan ló ń jí i," Eyínfúnjowó wí. "Kò dá wà. Ó ní ẹnìkejì tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wò ó, bó bá ti ṣubú, á gbé e dìde."

"Kò ṣẹ̀ mí, èyí tó ń jí i yẹn," Tíṣà wí, àfi bí ẹni pé kò mọ̀ pé òun sọ̀rọ̀ síta. "Ó wù mí kí n ní irú rẹ̀."

Eyínfúnjowó tún dojú kọ ẹ̀rọ náà. Ó wá ẹnìkejì náà títí ó fi rí i, pẹ̀lú orúkọ tí kò jọ tẹni tó mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rárá. Ó dá òun dúró ná, ó pàṣẹ pé kó má ṣe dá ara rẹ̀ dìde mọ́. Lẹ́yìn náà ló dá aṣọ́yíǹkì dúró. Wọ́n wò ó. Kò padà. Ó bi kọ̀ǹpútà léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i pé ta ni kò jẹ́ kó sùn, kọ̀ǹpútà sì dáhùn pé kò sí.

Ó dìde kúrò níwájú ẹ̀rọ náà. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ."

Tíṣà jókòó, ó tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ ṣú. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fìtílà kékeré kan ń ṣẹ́jú wàìwàì, èyí tó fi hàn pé ó ń kọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń wo fìtílà náà. Níta, ohùn kan sọ pé, "Ó yá, ẹ gé e." Fìtílà náà ń ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà kò ṣẹ́jú mọ́. Atẹ́gùn inú ẹ̀rọ náà mí kanlẹ̀, ó dákẹ́, fíríìjì ilé ìdáná náà sì dákẹ́, gílóòbù ojú ọ̀nà sì kú.

"Èwo ló kọ́kọ́ kú?" Tíṣà béèrè. "Fìtílà ni àbí fíríìjì?"

"Fìtílà ni."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Eyínfúnjowó ronú. "Ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi, ìyàwó. Mi ò lè búra."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú èmi náà."

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bí iná bá dé tó bá ṣì wà níbẹ̀, mo lè wá bá yín ta ti bọ̀dá mi. Ká parí rẹ̀. Mẹ́ta tó wà nílẹ̀ yẹn, ọwọ́ ń yún mi."

"Rárá, ọkọ mi."

"Ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe."

"Mo mọ̀. Ẹ wá ká ta tiwa, lórí pátákó onígi, kẹ́ ẹ rí bí mo ṣe ń na ọmọ ilé yín."

"Mo gbọ́," ó wí. Ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi wí i, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì yára sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ilé tí kò ní iná ní ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀. Tíṣà kò mọ̀ bí nǹkan tó ń kùn nínú ilé náà ti pọ̀ tó títí gbogbo wọn fi pa ẹnu mọ́. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbé e lọ sínú yàrá ọkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti mọ́ ọn lára, á jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, ojú ara rẹ̀ ni yóò sì máa rí nínú dígí dúdú náà, ojú àgbàlagbà obìnrin kan tó ń dúró de nǹkan. Ó gbìyànjú láti fi ọkàn tò pátákó náà. Ó mọ̀ ọ́n tán, kò sí ọmọ kan tí kò mọ àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dé orí ọmọ tí Apòògùn fi lélẹ̀, kò lè kọjá ibẹ̀.

Ní gbogbo oṣù wọ̀nyí, ohun tó ń rò ni pé òun ń tọ́jú nǹkan fún ọkọ òun. Nínú òkùnkùn yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọkùnrin náà gan-an bó ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn: ó ti rẹ̀ ẹ́, òórùn oògùn wà lára ẹ̀wù rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, ó rí àyè pańpẹ́ náà, inú rẹ̀ sì dùn. Kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn ló sún. Òru náà lọ dáadáa. Ó fi ọmọ kan lélẹ̀, ó sì lọ sùn pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, ó ń retí kí ìyàwó òun ti ilé-ìwé dé kó wá kó sí i. Láti ìgbà náà ni Tíṣà ti ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ gbogbo, tó ń wò ó, tí kò sì jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ ọkùnrin náà já síbì kankan.

Ohun tó wá ń bà á lẹ́rù yí padà. Kì í ṣe pé kí pátákó náà parun nìkan mọ́. Kó má lọ jẹ́ pé ó ti parun, nígbà tí òun kò tíì dá a lóhùn.

Ọ̀sán ni iná dé. Fíríìjì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Tíṣà wà nídìí aṣọ tó ń fọ̀, ó nu ọwọ́, ó sì rìn lọ sínú yàrá láìsáré, nítorí pé bó bá sáré, ẹni tó ń sáré ni yóò gbọ́ ìròyìn tí kò dáa. Ó jókòó, kì í ṣe lórí àpótí ilé ìdáná, lórí àga Apòògùn ni. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Ojú ẹ̀rọ náà dúdú fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ kan jáde pé òun ń padà bọ̀, ó sì wọlé. Dúdú tún ni. Tíṣà di etí tábìlì mú. Lẹ́yìn náà ni pátákó náà yọ sí i, pupa àti funfun, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní àyè rẹ̀.

Ó sunkún díẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. Ó pe Eyínfúnjowó, ó ní ó wà níbẹ̀ o. Eyínfúnjowó ní, "Mo sọ fún yín pé fìtílà ni," bí ẹni pé ó ti búra sí i. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi pẹ̀lú pátákó onígi. Tíṣà dúpẹ́, ó sì gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó fa ọfà kékeré náà lọ sórí ọmọ rẹ̀ tó kàn. Ó wo mẹ́ta tó ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, tí kò ní sí ohun tó bò wọ́n mọ́. Ó jẹ ọmọ tí ọkọ rẹ̀ fi lélẹ̀ fún un.

Ọmọ pupa náà kúrò lórí pátákó. Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré tó ti wà lójú kan láti ọjọ́ yẹn yí padà. Ó ní pupa ló kàn.

Tíṣà jókòó tì í títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wà níta gbangba, kò sì sẹ́ni tó jẹ wọ́n. Nígbà tó rántí aṣọ tó wà nínú omi, ó sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó sùn, ó dúró láti wò ó, ó sì sùn.